Orúkọ Ẹ̀yìn Fọ́tò: Gbèsè Onímọ̀ sí Oníṣẹ́-ọnà Nínú Pípín Àwòrán Lórí Ayélujára

Kò sí onímọ̀ Yorùbá kan tí yóò kọ ìlà mẹ́ta nínú ewì sínú ìjíròrò láìdárúkọ akéwì tó ni ín. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò béèrè orúkọ ìwé, ọdún àti ojú-ìwé. Ṣùgbọ́n onímọ̀ kan náà lè gbé àwòrán elégùn Ṣàngó, ti irun dídì tàbí ti egúngún sínú ìjíròrò kan náà lórí ayélujára, kí ó má sì kọ ohunkóhun sábẹ́ rẹ̀ ju pé kí gbogbo ènìyàn wá wo bí àṣà ti rẹwà tó. Kì í sábà sí ẹni tí yóò béèrè ta ló dúró nínú oòrùn ya àwòrán náà. Kò ní pẹ́ tí àwòrán ọ̀hún yóò fi di ti gbogbo ayé, ohun tó bá sì ti di ti gbogbo ayé báyìí kò ní olóhun mọ́.

Ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí kò farasin. Ewì ní ohùn, a sì mọ̀ pé ohùn ní olóhùn. Fọ́tò ní tirẹ̀ máa ń ṣe bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò dá a, bí ẹni pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ló fúnra rẹ̀ yọjú sí wa. Ẹni tó ń wo fọ́tò irun rò pé irun ni òun ń wò. Kò rò ó pé ẹnì kan ló yan igun tí a ti wo orí náà, tó yan ìmọ́lẹ̀ tó tàn sí i, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kí òun tẹ ẹ̀rọ. Yíyàn wọ̀nyí ni òfin kà sí iṣẹ́-ọnà. Orí wọn ni ẹ̀tọ́ àdàkọ dúró lé, èyí tí í ṣe ẹ̀tọ́ tí òfin fún aṣẹ̀dá láti pinnu ẹni tó lè da iṣẹ́ rẹ̀ kọ, tó lè tẹ̀ ẹ́ jáde, tó lè yí i padà tàbí tó lè gbé e síwájú àwùjọ.

Gbèsè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lọ́rùn ẹni tó ń pín àwòrán ẹlòmíràn. Ìdárúkọ ni àkọ́kọ́, ìyọ̀ǹda ni èkejì, ẹ̀tọ́ ẹni tí a yà sínú àwòrán ni ẹ̀kẹta. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé ni láti rò pé bí a bá ti san àkọ́kọ́, a ti san gbogbo rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó kù ni pé wọn kì í san èyíkéyìí.

Ojeikere àti orúkọ irun

J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Emai ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó òde òní, tí a bí ní 1930, bẹ̀rẹ̀ sí ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968. Nígbà tó fi kú ní 2014, irun tó ti yà tó nǹkan bí 1,000. Dúdú àti funfun ni àwọn àwòrán náà. Ẹ̀yìn orí ni ó ti ya ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sì fi ohunkóhun sẹ́yìn orí náà tó lè gba ojú lọ́wọ́ irun. Fondation Cartier ní Paris ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní 2000, wọ́n sì gbé e lọ sí Venice Biennale ní 2013. Nínú gbogbo onífọ́tò ilẹ̀ Nàìjíríà, bóyá tirẹ̀ ni àwòrán tí à ń pín jù láìsí orúkọ lára rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pín wọn kò kíyèsí ni pé àwòrán wọ̀nyí ní àkọlé, orúkọ irun ni ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ àkọlé náà. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ jù, tó yà ní 1975, ń jẹ́ Onílé Gogoro tàbí Àkàbà. Orúkọ méjì fún irun kan ṣoṣo: ọ̀kan fi í wé ilé gíga, èkejì fi í wé ohun tí a fi ń gun òkè. Fún ẹni tó ń ṣe ìwádìí lórí bí Yorùbá ṣe ń sọ nǹkan lórúkọ, àkọlé yẹn níye lórí tó àwòrán fúnra rẹ̀. Irun tí a dì kì í pẹ́ lórí. Bí a bá tú u, ó parí. Ohun tó ṣẹ́kù ni fọ́tò, ọdún, àti orúkọ tí onífọ́tò kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá gé àkọlé kúrò, tó wá fi "irun Adúláwọ̀" rọ́pò rẹ̀, ti ba ẹ̀rí jẹ́. Ó ti sọ ohun tó ní ọjọ́, orúkọ àti ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ di ohun ọ̀ṣọ́ lásán.

Nǹkan mìíràn tún sọnù pẹ̀lú rẹ̀. Ojeikere kì í ṣe Yorùbá. Ọmọ Emai ni ó fi ọdún púpọ̀ tọ́jú orúkọ irun Yorùbá pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹ̀yà mìíràn, tó sì jẹ́ kí wọ́n dé ọwọ́ àwọn tí a kò tí ì bí nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a bá pín iṣẹ́ rẹ̀ láìdárúkọ, a ń sọ fún àwọn òǹkàwé pé àṣà náà ló pa ara rẹ̀ mọ́.

Ó yani lẹ́nu pé inú ìmọ̀ Yorùbá ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀, nítorí ìmọ̀ tó mọ ìtọ́kasí ni. Bí babaláwo bá fẹ́ ki ẹsẹ Ifá, orúkọ àwọn awo tó dá Ifá náà ni ó sábà máa ń fi ṣáájú, yóò sì sọ ẹni tí wọ́n dá a fún kí ó tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wande Abimbola, nínú ìtúpalẹ̀ rẹ̀ lórí ìhun ẹsẹ Ifá, fi hàn pé apá ìbẹ̀rẹ̀ yìí wà lára egungun ẹsẹ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ awo tó bá fo orúkọ awo kò tí ì mọ ẹsẹ. Bóyá àwọn awo ayé àtijọ́ ì bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa bí àwọn onímọ̀ òde òní ṣe ń fi àwòrán ránṣẹ́ síra wọn.

Òǹtẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn

Ojeikere gbajúmọ̀, nítorí náà a lè wá orúkọ rẹ̀ rí. Ìṣòro tó jinlẹ̀ jù wà lọ́dọ̀ àwọn onífọ́tò ìlú, àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọjà, tí wọ́n ya ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìwúyè àti ọmọ tuntun láàárín ọ̀rúndún tó kọjá. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kọ orúkọ síwájú àwòrán. Òǹtẹ̀ ni wọ́n máa ń lù sí ẹ̀yìn ìwé fọ́tò, pẹ̀lú orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti àdúgbò. Nígbà tí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ bá wá fi fóònù ya fọ́tò náà láti gbé e sórí ayélujára, iwájú nìkan ni yóò yà. Báyìí ni òǹtẹ̀ ṣe ń ṣẹ́kù sílé. Ẹni tó ń ṣe ìwádìí tó sì rí àwòrán náà lẹ́yìn ìgbà náà yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò mọ ẹni tó yà á, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó yà á ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i láti ọjọ́ tó ti tẹ̀ ẹ́.

Stephen Sprague, onífọ́tò ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí lórí irú iṣẹ́ wọ̀nyí ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1975, àbọ̀ rẹ̀ sì jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978. Lára ohun tó rí níbẹ̀ ni fọ́tò ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, onífọ́tò yóò ya èyí tó wà láàyè, yóò sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó pa pọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì jẹ́ obìnrin, wọn yóò wọ aṣọ ẹni tó kú fún ẹni tó kù, wọn yóò sì tún un yà. Láàárín àwọn tí kò fẹ́ gbẹ́ ère ìbejì mọ́, fọ́tò yìí lè dúró ní ipò ère. Kì í ṣe ohun ìrántí lásán, nítorí náà.

Ta wá ni ó ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀? Ìyá tó sanwó ni ó ni ìwé fọ́tò. Onífọ́tò ni ó ni ẹ̀tọ́ àdàkọ, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn. Yorùbá gbà pé ẹni tó lẹrú ló lẹrù, ṣùgbọ́n ní ti fọ́tò, òfin ya ẹrú sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrù. Ìwé lè wà nínú àpótí ìyá, ẹ̀tọ́ lè wà lọ́dọ̀ onífọ́tò tàbí àwọn ajogún rẹ̀. Òfin Nàìjíríà fún ìyá náà ní agbára díẹ̀ pẹ̀lú: ẹni tó bẹ̀ onífọ́tò níṣẹ́ láti ya àwòrán fún ìlò ilé lè lò ó fún ohun tí kò mówó wọlé, ó sì lè ní kí a má gbé e síta. Onímọ̀ tó rí fọ́tò ìbejì nínú ilé kan, tó fi fóònù yà á, tó sì gbé e sínú ìjíròrò, ti kọjá lára ẹni méjì tó yẹ kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí òfin gbà láàyè

Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tó wà lórí àlééfà ní Nàìjíríà ni ti 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023. Òun ló rọ́pò èyí tí ìjọba ológun ṣe ní 1988. Nínú òfin yìí, àwòrán tí a fi ọ̀dà yà ní ààbò fún ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tó yà á. Fọ́tò kò rí tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 50 ni tirẹ̀, kì í sì í ṣe ikú onífọ́tò ni a fi ń kà á bí kò ṣe ìgbà tí fọ́tò náà kọ́kọ́ jáde fún àwùjọ. Ó jọ pé àwọn aṣòfin pẹ̀lú kò gbà tán pé iṣẹ́ ọwọ́ ni fọ́tò. Síbẹ̀, ọdún 50 yìí lè gùn ju bí ojú ti rò lọ. Bí a bá ya fọ́tò kan ní 1975 ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé 2000 ni a kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, òpin ọdún 2050 ni ààbò rẹ̀ yóò tó dópin. Pípẹ́ tí fọ́tò ti pẹ́ láyé kò tó láti fi mọ̀ pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ òfin.

Òfin kan náà fi àyè sílẹ̀ fún ìlò tó bá ẹ̀tọ́ mu. Ìwádìí tí kì í ṣe fún owó wà lára rẹ̀. Lámèyítọ́, àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àti ìròyìn ohun tó ń lọ lọ́wọ́ náà wà níbẹ̀. Ìdí tí a fi lò ó, irú iṣẹ́ tí ó jẹ́, bí ohun tí a mú nínú rẹ̀ ti pọ̀ tó, àti ìpalára tí ìlò náà lè ṣe fún ọjà olóhun ni a ó fi wọn ìlò kọ̀ọ̀kan. Lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ dárúkọ iṣẹ́ náà àti ẹni tó ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a gbé èyí lórí àpẹẹrẹ. Onímọ̀ kan gbé Onílé Gogoro sínú ìjíròrò, ó ń ṣàlàyé bí Ojeikere ṣe lo ìmọ́lẹ̀ láti yọ òjìji sáàárín òwú irun, ó kọ orúkọ, àkọlé àti ọdún sábẹ́ rẹ̀. Òmíràn gbé àwòrán kan náà sórí ìkéde àpérò kan kí ìkéde náà lè fa ojú mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ irun kò sí nínú àpérò ọ̀hún rárá. Ti ẹni àkọ́kọ́ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ti ẹnì kejì jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́, ohun ọ̀ṣọ́ sì ni a máa ń rà. Ìbéèrè tó ya àwọn méjèèjì ni èyí: bí a bá yọ àwòrán yìí kúrò, ṣé àríyànjiyàn náà yóò wó lulẹ̀? Bí kò bá ní wó, ó ṣòro láti sọ pé nítorí ìmọ̀ ni a fi lò ó.

Ìṣòro kan wà tí ewì kò ní. A lè mú ìlà mẹ́ta nínú ewì, kí a fi ìyókù sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Fọ́tò kò ṣeé mú ní ìlà mẹ́ta. Bí a bá mú un, gbogbo rẹ̀ ni a mú. Ohun tó kù ni láti dín ìtóbi rẹ̀ kù. Àwòrán kékeré tó tó fún ojú láti fi tẹ̀lé àlàyé, tí kò sì ṣeé tẹ̀ sórí ìwé tàbí aṣọ, fi hàn pé ẹni tó pín in mọ ohun tó ń ṣe.

Ìdárúkọ kì í ṣe ìyọ̀ǹda

Ẹjọ́ kan tó wáyé ní Jámánì fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín gbèsè àkọ́kọ́ àti èkejì hàn kedere. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní Waltrop rí fọ́tò ìlú Córdoba lórí ojú-òpó ìwé ìrìn-àjò kan, ó sì fi í sínú iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe níwájú kíláàsì. Kò jalè ní ojú ara rẹ̀: ó kọ orúkọ ojú-òpó tó ti mú un sábẹ́ àwòrán náà. Ilé-ẹ̀kọ́ wá gbé iṣẹ́ ọ̀hún sórí ojú-òpó tiwọn. Onífọ́tò, Dirk Renckhoff, sọ pé ojú-òpó ìrìn-àjò yẹn nìkan ni òun yọ̀ǹda fún, ó sì béèrè owó ìtanràn, 400 yúrò. Ẹjọ́ náà dé Kọ́ọ̀tù Ìdájọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2018, kọ́ọ̀tù sọ pé gbígbé àwòrán láti ojú-òpó kan lọ sí òmíràn jẹ́ gbígbé e síwájú àwùjọ tuntun, ó sì nílò ìyọ̀ǹda, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìdènà kankan lórí ojú-òpó àkọ́kọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí ìdájọ́ yìí bí ohun tó le jù fún iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n jàre. Ṣùgbọ́n ìdí tí kọ́ọ̀tù tẹ̀ lé yẹ fún àròjinlẹ̀. Bí onífọ́tò bá yọ àwòrán rẹ̀ kúrò níbi tó ti gbé e sí, ẹ̀dà tí ẹlòmíràn ti gbé pamọ́ kò ní tẹ̀ lé e. Agbára láti sọ pé ó tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2014, nínú ẹjọ́ Svensson tó wá láti Sweden, kọ́ọ̀tù kan náà ti sọ pé líǹkì sí ohun tó wà ní gbangba kò nílò ìyọ̀ǹda. Kò sí ìtakora láàárín wọn. Líǹkì ń tọ́ka sí ilé olóhun. Bí olóhun bá ti ilẹ̀kùn, líǹkì náà yóò kú. Ẹ̀dà ní tirẹ̀ ti kó kúrò nílé. Nítorí náà, níbi tí iyèméjì bá wà, líǹkì pẹ̀lú àlàyé ní kíkún ni ó sàn jù.

Àwọn onímọ̀ tó ń tẹ iṣẹ́ jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé ní pàkúté tiwọn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àpilẹ̀kọ lè jáde lábẹ́ ìyọ̀ǹda Creative Commons BY, èyí tó gba ẹnikẹ́ni láàyè láti tún un pín bí ó bá ti dárúkọ òǹkọ̀wé. Ìyọ̀ǹda yẹn kò dé orí fọ́tò tí òǹkọ̀wé tọrọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn fún àpilẹ̀kọ náà nìkan. Òǹkọ̀wé kò lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. Ẹni tó bá gé fọ́tò kúrò nínú irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ ní láti wo ohun tí a kọ sábẹ́ fọ́tò, kì í ṣe ohun tí a kọ sí ojú-ìwé àkọ́kọ́. Àwọn lẹ́tà kékeré tó máa ń tẹ̀ lé BY náà ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe: NC kò fẹ́ òwò, ND kò fẹ́ àyípadà, SA ní kí ohun tí a bá fi ṣe jáde lábẹ́ ìyọ̀ǹda kan náà.

Àwọ̀ tí Verger kò yà

Ọ̀rọ̀ àyípadà gbé wa dé Brazil. Pierre Verger, tí a bí ní Paris ní 1902, dé Bàhíà ní 1946, ó sì lo ìyókù ayé rẹ̀ láàárín ibẹ̀ àti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ìlú Kétu ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní Ifá tí ó fi ń jẹ́ Fátúmbí. Nígbà tó kú ní Salvador ní 1996, ó fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò sílẹ̀ lábẹ́ ìtọ́jú Fundação Pierre Verger, tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1988. Ilé-iṣẹ́ náà ni à ń tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ìjíròrò lórí òrìṣà láàárín Yorùbá ilé àti ti òkè òkun tí àwòrán Verger kì í yọjú sí, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ tàbí láìsí i.

Òfin Brazil, nọ́ńbà 9.610 ti 1998, sọ ohun méjì nípa fọ́tò ní abala kọkàndínlọ́gọ́rin rẹ̀ tí ó yẹ kí onímọ̀ Yorùbá mọ̀. Èkíní ni pé ẹnikẹ́ni tó bá lo fọ́tò ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí i ní ọ̀nà tí ojú lè kà. Èkejì ni pé a kò gbọdọ̀ tẹ fọ́tò jáde ní ọ̀nà tí kò bá ti àkọ́kọ́ mu délẹ̀délẹ̀, àfi bí onífọ́tò bá ti yọ̀ǹda. Ààbò fọ́tò níbẹ̀ jẹ́ ọdún 70 láti ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí a tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ohun kejì yìí ti wá gba ìtumọ̀ tuntun. Ẹ̀rọ wà nísinsìnyí tó ń kun àwòrán dúdú àti funfun ní àwọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ̀pọ̀ sì ń kun fọ́tò àtijọ́ kí wọ́n tó pín in, wọ́n rò pé àwọn ń ṣe olóhun lóore. Ẹ̀rọ náà kò mọ àwọ̀; àbá ni ó ń dá. Nínú ìmọ̀ òrìṣà, àbá yẹn léwu. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun ń sọ ti Ọbàtálá, pupa pẹ̀lú funfun ń sọ ti Ṣàngó. Ní ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà ní Bàhíà, ìlẹ̀kẹ̀ aláró ń sọ ti Ògún. Bí ẹ̀rọ bá kun ìlẹ̀kẹ̀ kan ní pupa, ó ti pe olúwarẹ̀ ní ọmọ òrìṣà tí kì í ṣe tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí i lẹ́yìn náà yóò fi í ṣe ẹ̀rí, yóò sì kọ orúkọ Verger sábẹ́ àwọ̀ tí Verger kò yà. Níbí, òfin àti ìwádìí ń béèrè ohun kan náà. Gígé ẹ̀gbẹ́ àwòrán kúrò wà ní ìsọ̀rí kan náà: ọwọ́ tó di àdá Ògún mú lè wà ní ẹ̀gbẹ́ tí a gé sọnù.

Ẹni tó wà nínú àwòrán

Ẹ̀tọ́ onífọ́tò kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1951, ìwé ìròyìn O Cruzeiro ní Brazil tẹ àwòrán tí José Medeiros yà nínú ilé òrìṣà kan ní Salvador jáde. Ìyàwó òrìṣà ni ó yà, nínú yàrá tí kò yẹ kí àlejò wọ̀, nígbà tí wọ́n fá orí wọn, tí ẹ̀jẹ̀ àti ìyẹ́ wà lára wọn. Àkọlé tí ìwé ìròyìn náà fi sí i pe àwọn òrìṣà ní òǹgbẹ ẹ̀jẹ̀. Ìbínú ńlá ni ó fà láàárín àwọn ẹlẹ́sìn, kò sì tán nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní 1957, àwọn àwòrán wọ̀nyí tún jáde nínú ìwé Medeiros tó ń jẹ́ Candomblé, láìsí ariwo ìwé ìròyìn.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọ̀kan nínú wọn sínú ìjíròrò lónìí lè dárúkọ Medeiros, kí ó sì gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ ilé ìpamọ́ tó ni ín ní ìkáwọ́. Ó ti san gbèsè méjì. Àwọn obìnrin tó wà nínú àwòrán kò sí nínú àdéhùn yẹn. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ kò mọ̀ wọ́n, nítorí òfin aṣẹ̀dá ni, wọn kò sì dá àwòrán. Ohun tí a yà jẹ́ awo, awo kì í sì í di gbangba nítorí pé ìwé ìròyìn kan tà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí nílé ní ti Orò àti ohun tó wà nínú igbódù. Ó sàn kí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wà níbi tí a tọ́jú rẹ̀ sí, kí onímọ̀ ṣàpèjúwe ohun tó nílò nínú rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹnu, kí ó sì tọ́ka sí ibi tí ẹni tó bá ní ìdí lè lọ wò ó. Àwọn kan yóò sọ pé bí àwòrán bá ti jáde láti 1951, kò sí ohun tí ìdákẹ́ lè bò mọ́. Àwíjàre yìí kò lágbára tó bí ó ti ń dún. Ìpínpín kọ̀ọ̀kan ń gbé àwòrán dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò rí i rí, ojú-ìwé inú ilé ìpamọ́ kò sì dà bí àwòrán tó ń yọ lójijì lórí fóònù ọmọdé tàbí ti aláwo.

Ohun tí a lè kọ sábẹ́ àwòrán

Iṣẹ́ tó wà níbí kò pọ̀. Orúkọ onífọ́tò, àkọlé bí ó ti kọ ọ́, ọdún, ibi tí a ti rí àwòrán náà, àti ẹni tó yọ̀ǹda: ìlà kan tàbí méjì ti tó. Ara àwòrán gan-an ni ó dára kí ìlà yìí wà, tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìjíròrò kì í tẹ̀ lé àwòrán nígbà tí ẹlòmíràn bá tún un fi ránṣẹ́. Àwọn fọ́tò òde òní ń gbé orúkọ àti ọjọ́ sínú ara wọn níbi tí ojú kò ti rí i, ṣùgbọ́n WhatsApp máa ń yọ ọ́ dànù bí a bá fi fọ́tò ránṣẹ́ ní ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà ṣe é. Bí a bá fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé, kì í yọ. Bí ó bá jẹ́ ojú fóònù ni a yà, kò sí ohun tí yóò kù.

Bí onífọ́tò bá wà láàyè ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, kí a kí i, kí a sọ ohun tí a fẹ́ fi àwòrán ṣe, kí a sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá sọ pé rárá, ó ti dáhùn nìyẹn. Bí àwòrán bá ti jáde kí olóhun tó yọjú láti bínú sí i, kí a kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò ná. Àríyànjiyàn lórí ìlò tó bá ẹ̀tọ́ mu lè wá lẹ́yìn.

Ní ti àwòrán tí a kò mọ ẹni tó yà á, Google àti TinEye lè fi ibi tí ó ti jáde rí hàn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì ń gbé ni dé orí ìwé tàbí ilé ìpamọ́ tó mọ orúkọ. Kíkọ "Google" gẹ́gẹ́ bí orísun dà bí ìgbà tí ènìyàn sọ pé ọjà ni ó hun aṣọ òun. Bí ìwádìí bá já sí asán, ohun tí a mọ̀ ni kí a kọ: ilé tí fọ́tò wà, ẹni tó fi hàn wá, ìlú àti ọdún tí a rí i. Kí a sì yí i padà, kí a ya ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Bí òǹtẹ̀ bá ti ṣá tó jẹ́ pé lẹ́tà mẹ́rin péré ni ó hàn, kí a da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ bí wọ́n ti rí, pẹ̀lú àlàfo tó wà láàárín wọn. Ẹnì kan lè wà ní Ìlá tàbí ní Ọ̀fà tó ṣì rántí ṣọ́ọ̀bù náà.